Oríta Inú Ọpọlọ: Ìtàn Ìwádìí Kan Lórí Ìdàgbàsókè Ọmọ àti Àrùn Wèrè

Ní ọdún 1948, Frieda Fromm-Reichmann, oníṣègùn àrùn ọpọlọ tí ó ti Jámánì lọ fìdí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwà ìyá wà lára ohun tí ń sọ ọmọ di alárùn sikisofiréníà, irú wèrè tí aláìsàn fi ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ní ilẹ̀ náà ni ó ru ẹ̀bi yìí fún ọdún gbọọrọ. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí wa. Ta ni kò mọ bí a ti ń nàka sí ìyá tàbí orogún rẹ̀ bí orí ọmọ bá dàrú? Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni ti bí ìwádìí ṣe gbé ẹ̀sùn náà kúrò lọ́rùn ìyá.

Peter Huttenlocher, tí a bí ní Jámánì ní 1931, kò wá ìdí wèrè rárá. Oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé ni ní Yunifásítì Chicago, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí òye wọn kò jí ni ó sì ká a lára. Ṣùgbọ́n a kò lè mọ àbùkù ohun tí a kò mọ bí pípé rẹ̀ ti rí. Nítorí náà ni ó ṣe gba ọpọlọ òkú mọ́kànlélógún tí kò ní àbùkù, láti orí ọmọ tuntun dé orí arúgbó ẹni 90 ọdún. Ó gé apá iwájú wọn pẹlẹbẹ, ó fi maikirosíkóòpù onílẹ́kítírọ́ọ̀nù wò ó, ó sì ń ka àwọn sínápùsì tí ó wà níbẹ̀. Oríta ni n ó máa pe sínápùsì: ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan ti ń jíṣẹ́ fún èkejì.

Àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1979. Ẹnikẹ́ni ìbá rò pé bí ọgbọ́n ti ń pọ̀ ni oríta yóò máa pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oríta ọmọ ọdún kan sí méjì fi nǹkan bí ìdajì pọ̀ ju ti àgbàlagbà lọ. Láti ọdún méjì títí dé mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń dín kù, lẹ́yìn èyí ni wọn kò yẹ̀ mọ́ títí ènìyàn fi lé ní àádọ́rin ọdún. Bí àgbẹ̀ tí ó sọ hóró àgbàdo mẹ́rin sí ihò kan, tí ó wá fa èyí tí ó pọ̀ jù tu, ni ọpọlọ ti ń ṣe.

Irwin Feinberg, ẹni tí ń wádìí oorun ní Kalifóníà, ti ṣàkíyèsí pé ìgbì oorun àsùnwọra ń relẹ̀ púpọ̀ nígbà ọ̀dọ́. Ní 1982 ó so èyí pọ̀ mọ́ kíkà Huttenlocher. Ìgbà ọ̀dọ́ àti ìbẹ̀rẹ̀ àgbà ni sikisofiréníà sábà máa ń yọjú. Ǹjẹ́ kì í ṣe pé fífàtu náà ni ó ṣì ṣe, bóyá ó pọ̀ jù, bóyá ó kéré jù, bóyá èyí tí kò yẹ ni a fà tu? Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí: ìbéèrè ni ó fi àkọlé àpilẹ̀kọ rẹ̀ ṣe. Ní 1987, Daniel Weinberger ní àbùkù náà ti wà láti kékeré, ìdàgbà ọpọlọ ni ó kàn tú u fó.

Ẹ̀rí tí ó lágbára pẹ́ kí ó tó dé. Ní 2007, Beth Stevens àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ọpọlọ eku pé àwọn èròjà tí ara fi ń sàmì sí kòkòrò àrùn ni a tún fi ń sàmì sí oríta tí a ó mú kúrò. Ní 2016, òun, Steven McCarroll àti àwọn mìíràn yẹ jíìnì àwọn aláìsàn tí ó lé ní 28,000 wò, wọ́n sì rí i pé irú C4 kan, ọ̀kan nínú àwọn èròjà wọ̀nyí, ń fi kún ewu àrùn náà. Ìwọ̀nba ni àfikún ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní in ni orí wọn pé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni Ìbàdàn, ọ̀kan nínú ìlú mẹ́sàn-án tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wádìí àrùn yìí láti ìparí àwọn ọdún 1960. A rí àrùn náà ní gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn ọdún méjì lẹ́yìn ìtọ́jú jáde ní 1979, àwọn aláìsàn Ìbàdàn sàn ju ti London àti Washington lọ. Àwọn kan ní agbo ilé ni ó fà á. Àwọn mìíràn ń bi í léèrè bóyá irú aláìsàn kan náà ni a kà. Kíka oríta kò tíì dá ẹnikẹ́ni nínú wọn láre.