Ìgéjẹ Ológbò Ilé

Ìgéjẹ ológbò ilé ni ọgbẹ́ tí eyín ológbò tí à ń sìn bá dá síni lára, yálà níbi eré, níbi tí a ti ń wẹ̀ ẹ́, tàbí nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Ní Oníkan àti Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé ti fara ti ilé, nítorí eku ni ọ̀pọ̀ onílé àti oníṣọ́ọ̀bù ṣe ń sìn ín. Ẹni tó ń fún un lóúnjẹ lọ́sàn-án kò mọ òrùlé tó ń rìn lálẹ́. Nítorí náà, bó ti wù kí ìgéjẹ rẹ̀ kéré mọ, ìtọ́jú kíákíá ló yẹ ẹ́.

Ìdí tí ihò kékeré fi léwu

Eyín ajá a máa fa ẹran ara ya. Ti ológbò tín-ín-rín, ó sì mú bí abẹ́rẹ́. Ó lè wọlé débi iṣan tàbí oríkèé ìka, bó bá sì ti jáde, awọ ara á pa dé. Ohun tí ojú ń rí lè má ju ihò méjì lọ, bí ibi tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ ti gúnni, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dá kí a tó bu omi. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò ẹnu ológbò, pàápàá Pasteurella multocida, ti wà nínú, a sì ti tìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Ìdí nìyí tí ìgéjẹ ológbò fi ń ṣọyún ju ti ajá lọ. Láàárín wákàtí 24 ni wíwú àti ìrora sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀

Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni, kí a bọ́ òrùka kó tó wú. Kí a fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Kí a wo aago, torí ìṣẹ́jú 15 pẹ́ ju bí a ti rò lọ. Bí omi ẹ̀rọ kò bá yọ, kí ẹnìkan máa da omi kẹ́ẹ̀gì sí i díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a fi áyódìn sí i, kí a sì fi báńdéèjì mímọ́ bò ó wẹ́rẹ́. Kí a má fi epo pupa, adí, kẹrosíìnì, ata tàbí irun ẹran náà sí i, kí a má sì fẹnu fà á.

Dìgbòlugi

Ajá ló sábà máa ń kó dìgbòlugi ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ológbò náà lè kó o ranni. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ, ẹni tó ń yè é kò wọ́pọ̀ rárá. Ìgbà tí kò tíì yọ ni abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún 9 kan, Joseph Meister, ni Louis Pasteur kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ náà tọ́jú ní Paris, ní July 6, 1885. Bí ara ológbò bá le, kí a máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10, ṣùgbọ́n kí a má dúró de ọjọ́ náà kí a tó rí dókítà. Dókítà lè bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, kó sì dá a dúró bí ológbò náà kò bá ṣe nǹkankan. Bó bá sá lọ tàbí ó kú, kí a gba abẹ́rẹ́ náà pé.

Ní 1956, a rí ìbátan kòkòrò dìgbòlugi lára àdán ní Erékùṣù Èkó gan-an. Orúkọ Èkó ló ń jẹ́ títí dòní, Lagos bat virus. Wọ́n ti rí i lára ológbò ní Gúúsù Áfíríkà lẹ́yìn náà. Kò dára kí ológbò ilé máa dọdẹ àdán.

Ìgbà tó yẹ kí a lọ sí ọsibítù

Kí a lọ lọ́jọ́ náà bí ọgbẹ́ bá wà lójú, lọ́wọ́ tàbí nítòsí oríkèé. Bí ẹni náà bá jẹ́ ọmọdé, arúgbó, aboyún tàbí alátọ̀gbẹ. Bí ìlà pupa bá ń gun apá, tàbí ibà bá dé. Fún ará Oníkan, Ọsibítù Oníkan àti Jẹ́nẹ́rà tó wà ní Broad Street kò jìnnà. Kí a sọ ìgbà tí a gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn: bó bá ti ju ọdún 5 lọ, a lè nílò òmíràn. Dókítà ló yẹ kó yan oògùn apakòkòrò. Kí a má ra kápúsù lọ́wọ́ oníkiri.

Ìdènà

Kí dókítà ẹran fún ológbò ní àjẹsára dìgbòlugi, kí a má sì fọwọ́ kàn án níbi oúnjẹ tàbí nígbà tó bá ń tọ́ ọmọ. Ọmọdé a máa fi ìgéjẹ pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù ẹgba. Kí òbí ti sọ fún un ṣáájú pé, bí ológbò bá gé e jẹ, kò ní jìyà. Kó ṣáà tètè wí, kí omi àti ọṣẹ lè tètè débẹ̀.