Ṣílè Nínú Mítà: Bí Àwọn Ọmọ Yorùbá Ṣe Ń Ra Ooru Ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní Ìpè-Àkókó, bí ọyẹ́ bá dé, ìdájí ni òtútù máa ń mú jù. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sahara á gba àárín àwọn àpáta Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ kọjá, ètè á máa bó, àwọn àgbà á sì yí iná ká. Àwọn ará Àkókó ti mọ òtútù orí òkè tipẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Núpé ń kó wọn lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ìlú sá lọ, níbi tí kò sí ohun tó ń dènà atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n igi oko ni wọ́n fi ń dáná yá, ògiri amọ̀ tó nípọn sì ń gba ooru oòrùn pamọ́ lọ́sàn-án, ó ń tú u sílẹ̀ lóru. Kò sí ẹni tó ń san owó ooru.

Òtútù olówó ni àwọn ọmọ Yorùbá tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù láàrin 1950 sí 1970 lọ bá. Ọ̀pọ̀ onílé ni kì í gba ènìyàn dúdú. Òfin tí ìjọba Bìrìtìkó ṣe lòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní 1965 kò kan ọ̀rọ̀ ilé. Ìgbà tó di 1968 ni òfin tó kan án jáde. Nítorí náà, yàrá tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń gbà: yàrá kan ṣoṣo nínú ilé àtijọ́, àjà rẹ̀ ga, atẹ́gùn ń gba etí fèrèsé wọlé.

Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, mítà gáàsì ni ọ̀gá. Ènìyàn á ju ṣílè sí i, iná á jó. Bí owó bá tán láàjìn, iná á kú. Onílé ló sábà ń pinnu iye tí mítà yóò máa gbà, àwọn mìíràn sì ń gbé e ga ju iye tí ilé iṣẹ́ gáàsì ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó tálákà jù nínú ilé ló wá ń ra ooru tó wọ́n jù.

Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i ni kẹrosíìnì. Ní oṣù Kejìlá 1952, èéfín èédú pọ̀ mọ́ kùrukùru, ó bo Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ìjọba ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956, èédú sì bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀. Híítà oníkẹrosíìnì gba ipò rẹ̀ ní ilé àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tan àtùpà rí ní Àkókó mọ òórùn epo náà dáadáa, ìbáà ṣe Esso Blue ni wọ́n pè é tàbí Aladdin Pink. Híítà náà ṣeé gbé káàkiri, àwọn kan sì ń gbé ìkòkò lé e lórí.

Ó ní ohun tó ń gbà padà. Bí lítà kẹrosíìnì kan bá jó tán, omi tó tó lítà kan ni yóò bá ooru rẹ̀ jáde sínú afẹ́fẹ́. Fèrèsé tí wọ́n fi ìwé ìròyìn dí kò jẹ́ kí omi náà rí ọ̀nà lọ; ògiri á hu èbu, ọmọ á máa wúkọ́. Iná tún ń jó ilé. Ní 1960 ni ìjọba ṣe òfin tó de àwọn tó ń ṣe híítà náà, nítorí atẹ́gùn lásán lè mú kí iná rẹ̀ ru sókè.

Lẹ́yìn náà ni òtútù 1962 sí 1963 dé. Láti ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ni yìnyín fi bo ilẹ̀. Kò sí ìgbà òtútù tó mú tó bẹ́ẹ̀ ní Íńgílándì láti 1740.

Ibi tí ìtàn yìí ti kanni lára jù ni 1973. Àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dí ọ̀nà epo rọ̀bì, àgbá kan tó jẹ́ nǹkan bíi dọ́là mẹ́ta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjìlá kí oṣù Kìíní 1974 tó parí. Nàìjíríà, tó ti wọ ẹgbẹ́ OPEC ní 1971, di olówó òjijì. Owó tó ń wọ àpò ìjọba Gowon yìí ń jáde láti àpò gbogbo ẹni tó ń ra epo, ọmọ Nàìjíríà tó ń ra kẹrosíìnì ní Peckham náà sì wà nínú wọn. Owó Udoji tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ná nílé ní 1975 kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Gáàsì abẹ́ Òkun Àríwá, tí wọ́n ń yí àwọn ilé sí láti 1967 títí di 1977, ló gba híítà náà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n mítà kò lọ. Ó kúrò ní ti ṣílè, ó di ti káàdì, bíi mítà iná tí a ń ra káàdì sí nílé báyìí. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine gbé owó gáàsì sókè ní 2022, tí ìjọba fi owó ìrànwọ́ sí i kí owó ọdún kan ilé tó wà ní ìwọ̀n àárín má bàa kọjá nǹkan bíi £2,500, àwọn ilé ìkàwé ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ yáná. Ní oṣù Kejì 2023, Ofgem, àjọ tó ń ṣàkóso iná àti gáàsì, ní kí àwọn ilé iṣẹ́ dẹ́kun fífi tipátipá gbé mítà oníkáàdì wọ ilé ẹni tó bá jẹ gbèsè. Iye tí oníkáàdì ń san ṣì ga ju ti ẹni tí báńkì ń bá san lóṣooṣù. Oṣù Keje ọdún náà ni ìjọba tó fi owó dí àlàfo yẹn.