Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú Kan ní Ilé Ọlátúnjí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àgbà àti ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí a jọ dé Harlem ní ìlú New York lónìí. Ọmọ wa kan gbé ibẹ̀ rí, Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry. Ìwé ni ó bá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1950, ṣùgbọ́n ìlù ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Nígbà tí ó ṣe, ó ṣí ilé kan sí òpópó 125, kí àwọn ọmọ tí a kó baba ńlá wọn lẹ́rú lè máa kọ́ ìlù àti ijó Áfíríkà.

John Coltrane wà lára àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́. Orin jáàsì ni iṣẹ́ Coltrane, orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, tí olórin máa ń ṣẹ̀dá ohùn tuntun lójú agbo. Nínú àwọn tí ń fọn fèrè sáksófóònù, àwọn tí ó tó o kò pọ̀. Ní 1962 ó ti fi orin kan, Tunji, bọlá fún Ọlátúnjí.

Ní ọjọ́ Àìkú, 23 April 1967, ó wá ṣeré nílé náà. Ẹ má rò pé gbọ̀ngàn ńlá ni o. Ibi kékeré ni. Alice ìyàwó rẹ̀ wà nídìí dùùrù. Pharoah Sanders ń fọn fèrè kejì. Jimmy Garrison ń ta gòjé ńlá tí ó ga tó ènìyàn. Rashied Ali ń lu ìlù. Ṣùgbọ́n Algie DeWitt ni kí ẹ wò: bàtá ni ó ń lù! Bàtá Ṣàngó, tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú tún gbẹ́ ní Cuba.

Orin tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ń jẹ́ Ogunde. Kì í ṣe Ògúndé onítíátà wa. Inú orin àwọn aláwọ̀ dúdú Brazil ni orúkọ náà ti wá. Òun nìkan lé ní ìṣẹ́jú 25. Kí n má tàn yín, kì í ṣe orin tí a fi ń jó níbi ìgbéyàwó. Fèrè náà ń ké, ó ń han, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ tí ilẹ̀ sì ń ṣú lọ bá a. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo pa á. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo tó lè jókòó tì í.

Ilẹ̀ sì ń ṣú lóòótọ́. Jẹjẹrẹ ti wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 17 July ọdún náà ni ó kú, ẹni 40 ọdún.

Wọ́n gba eré náà sílẹ̀ nítorí rédíò. Ohùn rẹ̀ kò mọ́. Díẹ̀ báyìí ni a ń gbọ́ dùùrù. Síbẹ̀, òun ni ìkẹyìn tí a gbà sílẹ̀ nínú eré tí Coltrane ṣe lójú èrò, wọ́n sì gbé e jáde fún títà ní 2001. Bí ẹ bá rí i, ẹ wá bàtá náà nínú ariwo yẹn. Ó wà níbẹ̀.