Ta Ni Ìwé Ìnṣọ́ránsì Wà Fún? Ìtàn Gíláàsì Iwájú Ọkọ̀ ní Àríwá Èkìtì

Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025, àwọn yóò máa yẹ ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ wò jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ìkéde náà mú kí ọ̀pọ̀ onímọ́tò tún ìwé wọn ṣe, àti àwọn tí ìwé wọn ti kú tipẹ́, àti àwọn tí kò ní rárá. Ṣùgbọ́n bí òkúta bá fò láti abẹ́ táyà ọkọ̀ àjàgbé kan ní ojú ọ̀nà Ìfàkì sí Ọyẹ́, tí ó sì la gíláàsì iwájú ọkọ̀, tí ẹni tí ó ni ín bá mú ìwé rẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́ adójútòfò, ìdáhùn tí yóò bá pàdé ni pé ìwé náà kò kan gíláàsì tirẹ̀. Níbẹ̀ ni ìbínú ti ń bẹ̀rẹ̀. Onítọ̀hún á ní wọ́n ti jẹ owó òun gbé.

Ní ti ìwé yìí, kì í ṣe jìbìtì ni. Bí wọ́n ti ṣe dá a sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ yóò máa retí omi láti inú kànga tí a kò gbẹ́ fún un.

Kí ìwé kankan tó dé, àwọn awakọ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti ní ibi tí wọ́n ń sá sí. Ìrè-Èkìtì, tí ó wà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́ lónìí, ni ìlú tí a mọ̀ mọ́ Ògún, tí a fi ń pè é ní Ògún Onírè. Ìtàn àwọn àgbà sọ pé Ògún dé ibẹ̀ ní ọjọ́ tí àwọn ènìyàn wà ní ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó kí i, agbè ẹmu tí ó wà nílẹ̀ sì ṣófo. Ó bínú, ó yọ idà, ó pa àwọn tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ tí ó sì rí i pé àwọn ènìyàn òun ni òun pa, ó wọlẹ̀ lọ. Nígbà tí mọ́tò dé, ọ̀dọ̀ Ògún ni àwọn awakọ̀ gbé irin tuntun náà lọ. Wọ́n ń pa ajá fún un, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kí irin má ṣe wọ́n ní jàǹbá, kí ó má sì gba ọwọ́ wọn ṣe ará ilé ẹlòmíràn. Ẹ̀bẹ̀ yìí ní apá méjì: kí a má fara pa, kí a má sì pa ẹlòmíràn. Apá kejì ni òfin ìjọba wá mú nígbà tí ó yá.

Ọkọ̀ ojú irin kò gba ilẹ̀ Èkìtì kọjá. Ní 1907 ni ojú irin dé Òṣogbo, ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó dé Ìlọrin. Ṣùgbọ́n Èkìtì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà, ẹrù tí a bá fẹ́ gbé jáde láti Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ tàbí Ìdó, orí ènìyàn ni a fi ń gbé e tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó di orí ọkọ̀. Kòkó, iṣu, pákó, àti ènìyàn fúnra wọn, ojú títì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Ọ̀nà tí ó ti Adó wá sí Ìfàkì, tí ó gba Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé dé Ọ̀mùò kí ó tó wọ Kàbbà, ni ó di ọ̀nà ọ̀fun fún gbogbo agbègbè náà. Ibi tí ọ̀nà bá ti jẹ́ ọ̀nà ọ̀fun, ohun tí ó bá ṣe ọkọ̀, inú ilé ni ó ti ń ṣe ni.

Àwọn ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà ìgbà náà kò fi gíláàsì da ẹnikẹ́ni láàmú púpọ̀. Pákó ni ara wọn, gíláàsì iwájú wọn sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ó bá fọ́, ẹni tí ń gé gíláàsì fèrèsé lè gé òmíràn sí i. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí à ń kọ ìwé béèrè. Ewu ibẹ̀ ni pé gíláàsì lásán ni: bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ó lè gé ènìyàn bí ọ̀bẹ. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Édouard Bénédictus, ni ó rí ọ̀nà àbáyọ. Ní 1903, ìgò kan já bọ́ nínú ilé ìwádìí rẹ̀, ó sán ṣùgbọ́n kò fọ́n ká, nítorí pé èròjà kan bíi ike ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti ronú kan gíláàsì méjì tí a fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1909. Irú gíláàsì yẹn ni ó wà níwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lónìí. Ìdí nìyẹn tí òkúta fi ń là á láì tú u ká.

Ní ti òfin, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ti wa ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1930 nìkan, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méje (7,000) ènìyàn tí ó kú lójú títì ní Bìrìtìkó. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí ó pa ènìyàn ni kò ní owó tí ilé ẹjọ́ lè gbà fún àwọn ọmọ òkú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe òfin ọdún náà, tí ó sọ ìnṣọ́ránsì di dandan láti oṣù Kìíní 1931: kí olúkúlùkù awakọ̀ ti san owó sílẹ̀ nítorí ẹni tí ó lè ṣe ní jàǹbá. Òfin náà kò bìkítà nípa ọkọ̀ awakọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn ni ó wà lọ́kàn àwọn tí ó ṣe é.

Ìjọba amúnisìn gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ wá sí Nàìjíríà ní 1945, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1950. Àwọn oníṣòwò adójútòfò ti wà ní Èkó ṣáájú ìgbà náà. Royal Exchange Assurance ti ṣí ẹ̀ka sí ibẹ̀ ní 1921. Òfin 1945 ni ó fi ọwọ́ agbára mú gbogbo onímọ́tò wọ inú òwò náà. Ẹ̀mí àti ara ẹni kẹta ni òfin náà dáàbò bò: ẹni tí ó kú, tàbí ẹni tí ó fara pa. Dúkìá ẹni kẹta kò tíì sí níbẹ̀. Ó di ọdún 2003 kí òfin ìnṣọ́ránsì tuntun tó fi dúkìá kún un, tí ó ní kò gbọdọ̀ dín sí mílíọ̀nù kan náírà. Ìyẹn jẹ́ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, àjọ NAICOM tí ń ṣàkóso òwò náà ti fi ẹsẹ̀ ìlànà kan múlẹ̀ pé ẹni tí kò bá san owó, kò ní ààbò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, owó ìwé ẹni kẹta fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni kúrò ní ₦5,000, ó di ₦15,000, dúkìá tí ó lè san fún ẹlòmíràn sì gòkè dé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ní 2025, òfin mìíràn rọ́pò ti 2003. Nínú gbogbo àtúnṣe wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí ó sọ pé ìwé ẹni kẹta yóò tún gíláàsì ẹni tí ó rà á ṣe.

Bí òfin ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀, gíláàsì ni ó yí padà kíákíá. Ní 1975 ni iléeṣẹ́ tí ń to Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, 504 sì di ọkọ̀ àwọn olówó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn awakọ̀ èrò. Gíláàsì iwájú rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ. Ẹni tí ń gé gíláàsì fèrèsé kò lè gé e mọ́. Lẹ́yìn náà ni tòkúnbọ̀ dé, Toyota àti Nissan oríṣiríṣi, tí gíláàsì ọ̀kan kò bá èkejì mu. Ẹni tí tirẹ̀ bá là ní Ìkọ̀lé lè ní láti ránṣẹ́ sí Adó, tàbí sí ọjà Ládipọ̀ ní Èkó, kí ó sì san owó gíláàsì, owó ọkọ̀ tí yóò gbé e wá láì fọ́, àti owó ẹni tí yóò lẹ̀ ẹ́. Owó tí kò tó nǹkan nígbà bọ́lẹ̀kájà ti di ohun tí ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Òkò ojú títì ni ó ṣòro, nítorí kò sí ẹni tí a rí tí ó sọ ọ́. Bí akẹ́rù kan bá kó òkúta wẹ́wẹ́ tí kò sì bo ẹrù rẹ̀, tí òkúta já bọ́ lára rẹ̀ lu gíláàsì ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn, àìbìkítà awakọ̀ náà hàn. Ẹni tí ó bá gba nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀, tí ó ya fọ́tò, tí ó ní ẹlẹ́rìí, tí ó sì fi tó ọlọ́pàá létí, lè béèrè owó lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì ẹni kẹta tí akẹ́rù náà ní. Níbí ni ìwé náà ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ìwé ẹlòmíràn ni yóò ràn ọ́ lọ́wọ́, tìrẹ ni yóò ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí táyà bá ta òkúta tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ṣòro láti fi ẹ̀bi lé ẹnikẹ́ni lórí. Ẹni tí gíláàsì rẹ̀ là ni yóò ru ẹrù rẹ̀.

Àyàfi ẹni tí ó ra ìnṣọ́ránsì kíkún. Ìyẹn ni ó ń bo ọkọ̀ onítọ̀hún fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. NAICOM ti pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀: ọkọ̀ mílíọ̀nù márùn-ún náírà yóò san ₦250,000 lọ́dún. Àwọn tí ó ní in pàápàá gbọ́dọ̀ ṣírò kí wọ́n tó béèrè owó gíláàsì. Kí a fi ṣe àpẹẹrẹ: bí gíláàsì bá jẹ́ ₦80,000, tí ìwé sì sọ pé onímọ́tò ni yóò kọ́kọ́ gbé ₦50,000, ₦30,000 péré ni iléeṣẹ́ yóò san. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí kò béèrè ohunkóhun láàárín ọdún ń gba ẹ̀dínwó ₦40,000 nígbà tí ó bá tún ìwé ṣe, ẹni tí ó béèrè ti pàdánù ₦10,000. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe ni ó dára jù. Bí gíláàsì náà bá jẹ́ ₦200,000, èrè ni ìbéèrè. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí a ka ìwé náà ṣáájú ọjọ́ ìṣòro, kí a mọ̀ bóyá ó ní ààlà fún gíláàsì, kí a má sì pààrọ̀ gíláàsì kí iléeṣẹ́ tó rí i.

Ibòmíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Florida, ní Amẹ́ríkà, òfin sọ pé bí ènìyàn bá ní ìnṣọ́ránsì tí ó bo ọkọ̀ tirẹ̀, iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ ní kí ó kọ́kọ́ gbé owó kankan lórí gíláàsì iwájú. Èrò wọn ni pé ẹni tí owó bá ń dùn yóò máa wa ọkọ̀ tí kò fi ríran dáadáa, ewu rẹ̀ yóò sì kan gbogbo ènìyàn. Àṣà ọ̀fẹ́ yìí bí wàhálà tirẹ̀: àwọn aláàtúnṣe ń gba ẹ̀tọ́ onímọ́tò, wọ́n ń pe iléeṣẹ́ lẹ́jọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, títí ìpínlẹ̀ náà fi fòpin sí i ní 2023. Síbẹ̀, òótọ́ kan wà nínú èrò wọn. Gíláàsì tí ó là kì í ṣe ọ̀rọ̀ onímọ́tò nìkan. Oòrùn ọ̀sán lẹ́yìn òtútù ọyẹ́, àti kòtò ojú ọ̀nà, ń mú kí ojú ibi tí ó là máa gùn sí i. Ní alẹ́, iná ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú á fọ́n ká lójú rẹ̀, ọmọ tí ń kọjá títì kò sì ní hàn. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, fi kà á sí ẹ̀ṣẹ̀.

Fún awakọ̀ tí ìwé ẹni kẹta nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, àṣà àtijọ́ kan ṣì wà. Samuel Johnson kọ nípa èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921: àwọn ènìyàn ń dá owó jọ, olúkúlùkù sì ń kó o nígbà tí ó bá kàn án. Bí awakọ̀ ogún ní ibùdókọ̀ kan bá ń dá ₦500 lọ́sẹ̀, ₦10,000 ni lọ́sẹ̀, yóò sì lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún márùn-ún náírà lọ́dún. Ó lè tún gíláàsì mélòó kan ṣe láì kọ lẹ́tà kankan sí Èkó. Ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ìwé ìjọba: owó ibùdókọ̀ kò lè gbọ́ bùkátà ọmọ òrukàn tí mọ́tò pa bàbá rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ya ìwé ìnṣọ́ránsì ẹni kẹta dànù nítorí pé kò tún gíláàsì rẹ̀ ṣe. Owó tí a san lórí rẹ̀ jẹ́ ti aládùúgbò, bí owó aládùúgbò ti jẹ́ tiwa. Gíláàsì ẹni, ètò ọ̀tọ̀ ni yóò ní: ìnṣọ́ránsì kíkún fún ẹni tí apá rẹ̀ ká a, àjọ fún ẹni tí kò ká. Bí ekún bá tilẹ̀ ń gba ojú ẹni, a ṣì máa ń ríran. Ẹni tí ó bá di ọwọ́ ọkọ̀ mú kò gbọdọ̀ jẹ́ kí gíláàsì gba ìríran náà lọ́wọ́ rẹ̀.