Edé Ẹlẹ́mùú: Ọwọ́ Ènìyàn Ló Gbé E Sọdá Òkun

Edé tí à ń lọ̀ sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kéré, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Òmíràn wà tó ń gbé inú odò tí omi rẹ̀ kò níyọ̀, tí èèpo rẹ̀ le bí ti akàn, tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, tó sì na apá méjì síwájú bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Yorùbá kò sọ ọ́ lórúkọ, nítorí kò sí i nínú odò wa. Ní gbogbo Áfíríkà, erékùṣù Madagásíkà nìkan ni Ọlọ́run dá a sí. Edé ẹlẹ́mùú ni mo máa pè é níhìn-ín. Lónìí, irú ti Amẹ́ríkà wà nínú adágún ní Kẹ́ńyà, ó kún odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba ẹrọ̀fọ̀ oko ìrẹsì ní gúúsù Sípéènì. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé ọmọ ogun ni, pé ó dìde láti ilẹ̀ rẹ̀, ó wá gba ilẹ̀ onílẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, a ó bá ènìyàn tó gbé e lọ́wọ́ níbi gbogbo. Èyí tó sì dùn mí jù ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn ni wọ́n fi í ṣe.

Àríwá Ítálì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1859. Edé tí wọ́n bá nínú odò láti ayébáyé bẹ̀rẹ̀ sí í kú bẹẹrẹbẹ. Ẹranko tí kì í jáde àfi lóru, wọ́n ń rí i tó ń rìn lọ́sàn-án gangan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á le gbagidi bí ẹni tó ń fi igi rìn, á ṣubú, á fẹ̀yìn lélẹ̀, kò sì ní lè yí padà mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, odò á dá páropáro. Ohun tó ń pa wọ́n jẹ́ abẹ̀mí tíntìntín kan tó jọ ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá bu, Amẹ́ríkà sì ni orírun rẹ̀. Edé Amẹ́ríkà ti bá a gbé pẹ́, ara wọn ti mọ̀ ọ́n. Ti Yúróòpù kò mọ̀ ọ́n rí. Àrùn náà la Faransé àti Jámánì kọjá, ó dé Fínlándì kí ọ̀rúndún náà tó parí. Swídìn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di 1907, nígbà tí wọ́n kó edé láti Fínlándì wá tà ní Stockholm. Òkú pọ̀ nínú ẹrù náà, wọ́n sì dà á sínú Adágún Mälaren. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjà tó bàjẹ́ ni wọ́n dà nù sómi, bí àwọn ọlọ́jà ti máa ń ṣe níbi gbogbo láyé.

Kí a tó dá àwọn tó tẹ̀lé e lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí edé yìí jẹ́ fún wọn. Ní Swídìn, bí oṣù kẹjọ bá dé, tẹbí-tará á kóra jọ, wọ́n á fi iyọ̀ àti ewé olóòórùn dídùn sè é, wọ́n á yí tábìlì ká, wọ́n á máa fọ́ èèpo rẹ̀, wọ́n á máa fa omi inú rẹ̀ mu. Bí odò bá ṣófo, àṣà náà ń kú lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi wá arọ́pò. Jámánì ti ṣe é ṣáájú: ní 1890, Max von dem Borne, ògbóǹtarìgì nínú ọ̀sìn ẹja, kó nǹkan bí 100 edé Amẹ́ríkà sínú adágún rẹ̀ nítòsí odò Oder, níbi tó ti di ara Pólándì báyìí. Irú edé náà sì ti tàn ká àárín gbùngbùn Yúróòpù. Ní nǹkan bí 1960, Swídìn náà ránṣẹ́ sí Kalifọ́níà, wọ́n kó irú kan wá tó ní àmì funfun ní oríkèé ẹ̀mú rẹ̀. Àrùn náà kì í sábà pa á, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gan-an ni àrùn ń gbé. Oníṣègùn tí wọ́n pè wá wo aláìsàn ló gbé àìsàn wá sábẹ́ agbádá.

Ẹnìkan lè sọ pé wọn kò mọ̀, pé kò yẹ ká fi ọgbọ́n òní ṣèdájọ́ àná. Mo gba èyí fún ọdún 1960. N kò gbà á fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé edé Amẹ́ríkà a máa gbé àrùn náà kiri. Síbẹ̀, láàárín ọdún mẹ́wàá kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn àgbẹ̀ níyànjú láti máa sin ín, wọ́n sì ń kó o wá láti Swídìn. Òkun ló yí ilẹ̀ náà ká. Edé odò kò lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé inú adágún ọ̀sìn, ó lè jáde, kó rìn lórí koríko tútù lọ sí odò tó wà nítòsí. Abo kan a máa gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin sábẹ́ ìrù láti ìgbà ìwọ́wé títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ń jẹ ewéko, ó ń jẹ ìgbín omi àti ẹyin ẹja, ó sì ń gbẹ́ ihò sí bèbè odò títí bèbè á fi ya lulẹ̀. Nígbà tó di 1981, àrùn ti dé odò Lea, edé onílé sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Àtakò tó wúwo jù ni ti oúnjẹ àti owó. Ní 1974, wọ́n da irú pupa láti Louisiana sí ẹrọ̀fọ̀ odò Guadalquivir ní gúúsù Sípéènì. Ìlú Isla Mayor ń jẹun nídìí rẹ̀ títí dòní. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Sípéènì fòfin de òwò rẹ̀ ní 2016, ìlú náà fẹ̀hónú hàn, wọ́n sì yí òfin padà ní 2018. N kò lè sọ pé kí ọmọ wọn sùn lébi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí èyí fi hàn: bí ohun àjèjì bá ti di ìjẹ ẹnìkan, ìjọba kò lè fà á tu mọ́. Ní Adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà, ọdún 1970 ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹja kó irú pupa yìí sínú rẹ̀ nítorí òwò kan náà. Wọ́n tà á sí Yúróòpù fún ìgbà díẹ̀; òṣíbàtà àti ewéko inú omi ló san owó rẹ̀. Àwọn kan ní kí a máa pa á jẹ tán. Ìgèrè kì í mú ju àwọn ńlá lọ, àwọn ńlá yìí ló sì ń jẹ àwọn kéékèèké. Bí a bá kó àgbà kúrò, ọmọ á ráyè.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, àwọn tó ń dáàbò bo edé onílé ń fọwọ́ kó ìyókù rẹ̀ lọ sínú kòtò omi tí wọ́n ti wa òkúta tẹ́lẹ̀, níbi tí odò kankan kò ti ṣàn wọ̀.