Igbó Nínú Igbó Ọba: Ìjọba Méjì Lórí Ewé Kan ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Orúkọ kan náà ni Yorùbá fi ń pe ibi tí igi ti dí àti ewé tí àwọn kan ń fà bí sìgá: igbó. Ẹ̀yin òǹkàwé, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, inú igbó àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fi èkejì pamọ́ sí. Nínú igbó ọba, irú èyí tí ó wà ní agbègbè Ìdànrè, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, ni àwọn kan ti ń dá oko rẹ̀.

Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun tí ó ti Bọ́mà àti Íńdíà bọ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ó mú ewé náà wọlé. Ní 1966, ìjọba ológun ṣòfin pé ẹni tí ó bá gbìn ín yóò kú, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 21. Wọ́n yọ ikú kúrò lẹ́yìn náà, ẹ̀wọ̀n kù. Òfin yìí fi ọdún mẹ́wàá ju Ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀ lọ, nítorí 1976 ni a dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Àjọ NDLEA dé ní 1989.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di méjì nìyí. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ṣùgbọ́n ìwé òfin 1999 ka oògùn àti májèlé, pẹ̀lú iṣẹ́ ọlọ́pàá, mọ́ ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Àkúrẹ́ ló ni ilẹ̀, Àbújá ló ni òfin ohun tí a gbìn sí i. Bí Àmọ̀tẹ́kùn, tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2020, bá mú ẹni tí ó gbé igbó nílùú Oǹdó, àjọ ìjọba àpapọ̀ ni wọn yóò fà á lé lọ́wọ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Gómìnà Rótìmí Akérédolú, tí í ṣe amòfin àgbà, mọ èyí dájú. Ní oṣù Karùn-ún 2019, ó lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń gbìn ín fún ìwòsàn. Alága NDLEA ìgbà náà, Muhammad Abdallah, bá a lọ. Ó ní ta ni kò mọ̀ pé ilẹ̀ Oǹdó gba igbó, kí a jẹ́ kí wọ́n gbìn ín nínú oko tí NDLEA yóò máa ṣọ́. Ní Kalifọ́níà, àwọn olùdìbò ti fọwọ́ sí igbó ìwòsàn láti 1996 láìdúró de ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá tiwọn sì wà níkàáwọ́ wọn. Gómìnà tiwa kò ní ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Ní 2021, Buba Marwa di olórí NDLEA, ó sì kọ̀ jálẹ̀. Alága kan bá gómìnà wọ bàálù, èkejì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí lẹ́tà kan tí ó yí padà nínú òfin. Ọ̀dọ́ tí ó bá gbọ́ ohùn gómìnà, tí ó rò pé ọ̀nà ti là, ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ ni yóò bá níwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣì rí nígbà tí Akérédolú jáde láyé ní oṣù Kejìlá 2023.