Nígbà tí iná lọ láàárín update

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹlẹgbẹ́ wa kan, ọmọ Ògùn Waterside, fi project àṣekágbá rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí iná lọ l'Àgọ́-Ìwòyè. Bátìrì laptop tòkúnbọ̀ rẹ̀ ti kú tipẹ́, update sì ti dé ìdá 30 nínú 100. Nígbà tí iná dé, róbótó funfun ló kàn ń yí lórí ojú dúdú. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyẹn ní fọ́ọ̀mátì ló kù. A bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù.

Ìtàn update ló fún wa nígboyà. Lọ́dún 1998, nígbà tí yunifásítì wa ṣì ń jẹ́ Ogun State University, inú Windows 98 ni Windows Update ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ló ń lọ wá a. Windows Me ti ọdún 2000 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá a fúnra rẹ̀. XP dé lọ́dún 2001 (ọdún tí yunifásítì di Olabisi Onabanjo, tí GSM sì wọ Nàìjíríà), ó sì mú ètò kan tí wọ́n ń pè ní BITS dání. Ìyẹn ló ń fa update wálé díẹ̀díẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí iná bá já, ibi tó dé ló ti ń tẹ̀ síwájú. Ó dà bí ẹni tó ń pọnmi sí àmù: bó bá sinmi, omi tó ti wà níbẹ̀ kò dànù. Nítorí náà, ẹni tó bá pa kọ̀ǹpútà nígbà tí update ṣì ń wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ba nǹkan kan jẹ́.

Apá kejì ni wàhálà wà, nígbà tí fáìlì tuntun bá ń rọ́pò ti àtijọ́. NTFS, tó ti wà lórí Windows NT láti 1993, tó sì tipasẹ̀ XP wọ ilé wa, máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, bí alájọ tó ń fàmì sí káàdì kó tó ju owó sápò. Àmọ́ ètò àwọn fáìlì lèyí ń dáàbò bò, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú wọn. Láti ayé Vista, lọ́dún 2007, ni Windows ti túbọ̀ mọ bí a ṣe ń dá update tó kùnà padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ìyẹn náà ń pẹ́ o! Ẹni tí kò bá lè dúró, tó tún pa kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kejì, ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ba a jẹ́.

Àwọn kan ní ká kúkú pa update pátápátá, nítorí data. A kò gbà. Ní March 14, 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde. Ní May 12, WannaCry bẹ̀rẹ̀ sí í ti fáìlì àwọn tí kò gbà á pa, ó ń bèèrè owó ìtúsílẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò yọ. Láti May 2019, Windows 10 Home pàápàá ṣeé dá dúró fún ọjọ́ 35, ìyẹn tó.

Laptop náà ńkọ́? A so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ ọ̀gá yẹn fún wákàtí méjì. Kò yí padà, iná díìsìkì rẹ̀ kò sì ṣẹ́jú rárá. Ìgbà yẹn la tó gbójú tẹ bọ́tìnì pa á. A tàn án, a pa á bí àmì Windows ṣe ń yọ, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta, ojú ewé àtúnṣe sì jáde. A wọ Troubleshoot, a wọ Advanced options, a yọ update tó gbẹ̀yìn kúrò. Ó ṣí.

Kó tó mí kanlẹ̀, ó ti da project sórí flash. Sátidé tó tẹ̀lé e ló gba update náà, ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn.